Iye Tí Mítà Pè Lọ́jọ́ Náà

Ọsàn ló ń bó. Ó ń bó o sínú àwo tó gbé lé itan, èèpo rẹ̀ gùn bí okùn, kò já, nítorí kì í jẹ́ kí èèpo ọsàn já. Ìyàwó mi. Ó gbójú sókè wo sinimá tó ń lọ lára ògiri, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, àwòrán yín yìí ti ń ṣú o." Mo ní kí ló ń ṣú. "Kò mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀." Ó sì padà sídìí ọsàn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni, ara rẹ̀ le koko... àbí èmi ni mo rò pé ó le...

Rárá. Iṣẹ́ ló wà nílẹ̀.

Pirojẹ́tọ̀ méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé sinimá sára ògiri, ló wà lórí tábìlì níwájú mi, kékeré àti ńlá. Mo gbà wọ́n wá láti dán wọn wò ni. Ọ̀gá ìsọ̀ ní kí n dá ọ̀kan padà kí aago mẹ́rin tó lù. Aago méjì ti kọjá. Kékeré, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lúmẹ́nì. Ńlá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìyẹn, páálí sì máa ń parọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí kọ́ sí àjà ilé onílé, n ò tíì rí páálí olóòótọ́ kan. Mítà ni mo gbà gbọ́. Màá gbé mítà sí àárín aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, màá ka iye ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á, màá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kà á. Bí mo ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Lúmẹ́nì la fi ń ka ìmọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi lítà ka epo, mo ti sọ èyí fún ìyàwó mi títí ẹnu fi ń ro mí. Ó ní, "Ẹ bu lítà méjì sí i nígbà náà."

Aṣọ tó bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Bó bá fẹ̀ lọ́nà méjì, tó tún ga lọ́nà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìmọ́lẹ̀ máa ṣẹ́ kù. Tèmi sì fẹ̀, ó gba ògiri láti igun dé igun. Lọ́jọ́ tí mo ta á sára ògiri, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sáyà. "Ẹ ti rán aṣọ fún ògiri. Ó ku tèmi."

Nítorí náà, ńlá ni. Aṣọ fẹ̀, ńlá ni mo máa mú. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ ò parí. Ọ̀gá ìsọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín láàárọ̀. "Onímọ́lẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ńlá ṣe nínú yàrá tó ní kọ́tìnnì méjì? Àwọn tí kò mọ nǹkan kan là ń tà á fún." Mo ní èyí tó wà nílé ti kú ni. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti ń ṣú. Ó yọ́ jáde lẹ́nu mi bí òróró. Ṣé kò ní yọ́? Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi ni mo ti ń sọ ọ́ kiri. Mo sọ ọ́ fún aládùúgbò. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi: ẹ̀rọ yẹn ti kú tipẹ́, ìyàwó mi ń pariwo, ahun ló mú mi tí n ò pààrọ̀ rẹ̀. Mo tiẹ̀ ń fọwọ́ lu àyà bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ahun ni mí! Kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Ahun kì í pa ìyàwó. Bí ẹ̀rọ bá ti kú, ahun lásán ni mí. Bí ẹ̀rọ ò bá kú...

Ọmọ mi obìnrin ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Dádì, ta lẹ fẹ́ máa fi sinimá hàn?" Ó sì pa fóònù. Ẹnu ìyá rẹ̀ gan-an ló jogún.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ parí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń bọ̀wọ̀ fún mi, "ẹ jókòó," "ẹ ṣeun." Lọ́jọ́ yẹn, ó ń ká aṣọ àbúrò rẹ̀ sínú àpótí, kò wo ojú mi. "Ìwọ. Ìwọ tí ò ń wọn ìmọ́lẹ̀ kiri ilé onílé." Ó gbé búláòsì mìíràn, ó ká a.

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni ìyàwó mi sọ pé àwòrán ń ṣú, òótọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù kan. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń lu ọ̀rọ̀ lójú kan, ìyọlẹ́nu ni mo pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga rẹ̀ sún mọ́ ògiri. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì—ta ni mò ń sọ pé kó wò ó?—àpá ẹsẹ̀ àga wà níbẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ síwájú. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ wọ inú sinimá lọ bá wọn ni?" Ó ní, "Bí mo bá débẹ̀, ó lè mọ́lẹ̀ ju ilé yín lọ."

Òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń ta èèyàn lọ́fà. Kí n má sọ ọ́ di ẹni mímọ́ nítorí pé ó ti kú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa... Ó tún sọ ọ́ níwájú àlejò. Níwájú àlejò! Èmi, Onímọ́lẹ̀, pé ilé mi ṣókùnkùn. Mo dìde, mo yọ mítà nínú àpò iṣẹ́ bí ọlọ́pàá tó fẹ́ fi káàdì hàn. Mo kà á láàárín aṣọ. Mo wo ẹ̀yìn aṣọ, iye tí mo kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ kọ́. Bákan náà ni. Inú mi dùn. Ọlọ́run mi, inú mi dùn! Mo gbé mítà sábẹ́ imú rẹ̀. "Kà á sétí gbogbo wa." Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó yí i síbi tí iná wà. Ó dá a padà sọ́wọ́ mi. "Ẹ bá mi kà á. Mélòó ló pè é?"

Mo ní, "Ó pè é ní ìyàwó mi ò ríran."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi fọwọ́ lu itan. Mo tún fi kún un: "Ẹ bá mi wá gílóòbù tuntun fún un, tiẹ̀ ti jó." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. N ò ka iye yẹn fún un. Mo dá mítà padà sínú àpò.

Oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn ló ṣubú ní bàlùwẹ̀. Kókó ló wà nínú orí rẹ̀, lẹ́yìn ojú. Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ó ti ń tẹ iṣan ojú láti ọdún kan ààbọ̀, pé ẹni tó bá tètè dé, wọ́n máa ń rí i yọ. Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé wọn ò sọ fún yín rí pé nǹkan ń ṣú lójú wọn?"

Mo ní, "Rárá o, dókítà. Kò sọ nǹkan kan rí."

Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, kò sùn. Ó yí orí síbi tí ohùn mi ti ń wá, kò bá ojú mi pàdé, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ etí mi. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. N ò sọ."

Ó jẹ́rìí èké fún mi. Mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba omi mu. Dókítà jáde. Lẹ́yìn náà ló bi mí, "Mélòó ni mítà yẹn pè é lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní mo ti gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò sí i. Kò tún bi mí mọ́.

Ó dáa. Ó dáa, kí n tan ńlá. Mo tan án. Ó bú sára aṣọ bí ẹni da omi gbígbóná sí èèyàn lójú, mo fọwọ́ bojú. Ta ló lè jókòó síwájú èyí? Mo pa á. Kékeré ńkọ́? N ò fọwọ́ kàn án. Ojú mi ń lọ sókè àjà, síbi tí èyí tó "kú" gbé rọ̀. Rìmóòtù rẹ̀ ṣì wà lórí apá àga ìyàwó mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó tàn.

Kò fà, kò ṣẹ́jú. Ó mọ́ kedere. Mo ń gbé mítà, mo mọ ohun tó máa wí kí n tó gbé e síbẹ̀. Mo ká etí aṣọ sókè. Ìlà márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi, tó dúró dáadáa bí ti ọmọ ilé ìwé. 312. 312. 311. 312. 312. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ tí mo gbé e kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Mo rò pé ògiri ni mò ń wọ̀n. Ògiri ò yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni iye wọ̀nyí sọ fún mi pé ẹni tó wà lórí àga ló ń yí padà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ọjọ́ sí i, mo rẹ́rìn-ín.

Fóònù ń dún. Ọ̀gá ìsọ̀ ni. Kó máa dún.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀, níbi tó fà á dé kẹ́yìn. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Láti ibí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń rí, n ò rí àwòrán kankan.

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni. Mo sọ ọ́ sókè. Iye tí mítà pè nìyẹn.