Lẹ́tà Inú Kọ̀ǹpútà Díákónì

Nígbà tí fóònù Hafeez máa fi dún lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kò tíì jẹun, kò sì tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tán. Kò wulẹ̀ wo ojú fóònù kó tó mọ ẹni tó ń pè. Ta ló tún kù? Àna rẹ̀ ni. Tàbí ká sọ pé ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run tọ̀sán-tòru pé kó di àna òun: Díákónì James ti Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá Ìrètíolúwa.

"Hafeez! Wọ́n ti mú iná lọ láti àná o!"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìnira o, Bàbá."

"Gbọ́ mi! Lẹ́tà náà wà lójú kọ̀ǹpútà báyìí, mo ti kọ ọ́ tán látòkè délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé! Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn sí i, epo inú ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo ti rán Ìrètí lọ ra epo, n ò rí i kó dé. Máa bọ̀ kíákíá. Linux rẹ yìí ò ní pa mí."

Linux rẹ yìí! Hafeez fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ kí inú má bí i. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, Linux ni. Bí wáyà bá já, Linux ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, wọ́n sì pe Hafeez láti béèrè bóyá kì í ṣe Linux ló ràn án.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ máa rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Ctrl sí. Kí lẹ́tà má bàa lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ S..."

"N ò ní tẹ nǹkan kan! Ọjọ́ tí o ní kí n tẹ nǹkan ńkọ́, ṣé ojú ẹ̀ ò di funfun báláú? Ìwọ ṣáà máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí ló wà níbẹ̀, má kà á o. Ṣe tìẹ, kí o sì kúrò nídìí ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú irú "bẹ́ẹ̀ ni sà" yẹn.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni bàbá Hafeez, Ààfáà Mìkáílù, fi lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó ránṣẹ́ sí ilé Díákónì. Ó ku kí ilé ìyàwó dá èsì padà. Bí èsì ò bá dé, kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò sí ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ Díákónì sì ti ń gbọ̀n, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kọ ọ́. Wọn ò sì fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ lẹ́tà ní Ọjà Igbó, nítorí wọ́n ní kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó tẹ ojú ewé kan tán, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́. Ni wọ́n bá rántí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju Bíbélì lọ, tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Windows inú rẹ̀, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, ti di arúgbó. Èèyàn á tàn án, á lọ wẹ̀, á wọṣọ, á jẹun àárọ̀, kò ní í tíì ṣí.

Hafeez tó ń wá ojúure àna ní òun á tún un ṣe. Linux kan wà, ètò tó lè rọ́pò Windows, tó fúyẹ́, tí kì í béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Òun náà ló máa ń fi sínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fáwọn oníbàárà rẹ̀, á sì máa sáré bí tuntun. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun nu Windows kúrò.

"Nu kí ni?" Díákónì fò dìde lórí àga. "Àwọn nǹkan mi wà níbẹ̀! Má fọwọ́ kan ikùn ẹ̀ o. Ṣé Linux yẹn ò lè wà níta ni?"

Ó lè wà níta. Ó lè wà lórí fíláàṣì, kí wọ́n kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kó sì máa ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lọ́wọ́ Hafeez yẹn, kì í rántí nǹkan kan. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú pátápátá, bí iná bá sì ti lọ pẹ́rẹ́, ohun gbogbo tí èèyàn kọ ti wọlé sínú òfìfo nìyẹn, àfi tó bá ti fi í pamọ́ sórí fíláàṣì mìíràn. Ẹni tó bá lẹ́nu ì bá sọ pé, "Rárá sà, ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù yín sí ibòmíràn, kí n sì gbé e sínú ẹ̀ bó ṣe yẹ." Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ "rárá" fún bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́? Hafeez yìí kan náà, tó máa ń pariwo mọ́ àwọn oníbàárà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n má kọ́ òun níṣẹ́ òun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Díákónì, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó lè wà níta."

Ó wá fún Bàbá ní fíláàṣì pupa kan, ó ṣàlàyé títí tí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́ sí. Díákónì dúpẹ́. Wọ́n gbé fíláàṣì pupa náà sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì tì í ní kọ́kọ́rọ́ kí olè má bàa jí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni lẹ́tà ọ̀hún ti pòórá láàárín oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Hafeez ti wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ wo ojú kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kí ó sì máa ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ má bínú sà."

Láàárọ̀ Sátidé yìí náà, ó ti ṣọ́ọ̀bù padà, ó lọ wọ mọ́tò. Awakọ̀ ń dúró kó èrò bíi pé kò sẹ́ni tó ń kánjú láyé. Fóònù dún: epo ti lọ sílẹ̀ o. Ó tún dún: ṣé o ti kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́ ṣá? Ìyá kan tó jókòó tì í bi í pé ṣé aláìsàn ni wọ́n ní nílé. Hafeez ní, "Kọ̀ǹpútà ni, Mà." Ìyá náà wò ó tìyanu-tìyanu, wọ́n sì gbójú sójú fèrèsé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun ò fẹ́ èèyàn, ìlà kan ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kọ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí kò jẹ́ kó sú òun, ọ̀rọ̀ rere ló wà nínú ẹ̀. Báyìí ni Hafeez ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ títí wọ́n fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, dìde, a ò rójú ìkíni!" Díákónì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn bò wọ́n. "Ìrètí ò tíì gbé epo dé. Láti aago mẹ́jọ! Fíláàṣì rẹ rèé. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń lọ, bóyá bí mo bá gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rí èyí tó kù nísàlẹ̀ fà. Má kà á o!"

Wọ́n jáde. Hafeez jókòó sídìí tábìlì, ó ki fíláàṣì pupa bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ máa wo igun ojú kọ̀ǹpútà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí arúgbó ti sọ lẹ́tà inú ẹ̀ di ràgàjì-ràgàjì kí òun lè rí i kà. Ibo lèèyàn fẹ́ gbójú sí? Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

"Ọmọ yín Hafeez, ọmọlúàbí ni, a kò sì rí àléébù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà àti ọ̀pọ̀ ìrònú, ó dùn wá láti sọ fún yín pé a kò lè fi ọmọ wa Ìrètíolúwa fún un. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ìdílé wa láti ayé bàbá bàbá wa..."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Háà! Èyí ni wọ́n ń torí ẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jẹun àárọ̀? Èyí ló ń torí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀? Ó ti ń wá láti Ọ̀yọ́ láti wá ran èèyàn lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí òun kọ̀ dáadáa! Inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́yìnkùlé. Iná orí kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú, ó tún dúró.

Kò ní láti pa nǹkan kan rẹ́. Kò ní láti purọ́. Kó ṣáà káwọ́ lẹ́rán, kó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, epo á tán, lẹ́tà á sì lọ bí àwọn mẹ́rin yòókù. Linux ni wọ́n máa bú, ó kúkú ti mọ́ Linux lára. Ó sì ti rẹ Bàbá. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n tún máa lágbára ẹ̀ẹ̀kẹfà?

Jẹnẹrétọ̀ tún wúkọ́, ó fà á gùn lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ Hafeez lọ sórí Ctrl, ó tẹ S. Ó yan fíláàṣì pupa, ó dúró kí iná kékeré ara rẹ̀ yé ṣẹ́jú, ó sì yọ ọ́. Kò lè sọ bóyá ọmọlúàbí ló mú un ṣe é tàbí ẹ̀rù. Bó ṣe yọ ọ́ báyìí ni jẹnẹrétọ̀ kú, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣú.

Ìrètíolúwa wọlé láti iwájú ilé, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Ó rí kọ̀ǹpútà tó ti kú, ojú rẹ̀ sì tàn yòò.

"Ó ti kú?"

"Ó ti kú. Ṣùgbọ́n mo ti fi lẹ́tà náà pamọ́." Hafeez na fíláàṣì sí i.

"O kà á?"

"Mo kà á."

"O kà á, o sì fi í pamọ́." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "O kú iṣẹ́."

Díákónì wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ wọn méjèèjì dúdú fún ọ́ìlì. "Ṣé ó ti lọ? Ẹ sọ fún mi, ṣé ó ti tún lọ?"

"Kò lọ, Dádì," Ìrètíolúwa ní. "Ẹni tí ẹ ò fẹ́ fún mi ti bá yín gbà á là." Ó yíjú sí Hafeez. "Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kà á sókè, gbogbo ẹ̀ ni mo há sórí. N ò sọ fún ọ, torí mo rò pé ó máa sú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, iná ló gbèjà mi. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, èmi ni mo fa wáyà yọ nígbà tí Dádì lọ wẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sí ìyẹ̀wù ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yìí, kí epo ṣáà lè tán. Gbogbo nǹkan ló ń jà fún ọ, Hafeez, tó fi mọ́ jẹnẹrétọ̀! Ìwọ nìkan ni ò jà."

"Ìwọ lo fa wáyà yọ?" Díákónì wí.

Omi ti lé sí Ìrètíolúwa lójú, kò sì nù ún.

Díákónì na ọwọ́ sí Hafeez. "Mú un wá."

Hafeez ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wo Ìrètíolúwa. Ó dìde padà.

"Rárá, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà." Ó gbé fíláàṣì sórí tábìlì láàárín òun àti Díákónì. "Lẹ́tà yín rèé. N ò pa á rẹ́, n ò sì ní pa á rẹ́, torí pé tiyín ni. Ṣùgbọ́n n ò gbà á. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń wọlé wọ̀de níbí, wáyà lẹ bi mí, bátìrì lẹ bi mí, rédíò lẹ bi mí! Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa ọmọ yín. Ṣé màá jẹ́ kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò bi mí. Àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ ò bi mí. Ẹ bi mí, Bàbá! Bí ẹ bá bi mí tán, tí ẹ ṣì ní ẹ ò fẹ́ mi, èmi fúnra mi máa bá yín tẹ̀ ẹ́." Ohùn rẹ̀ ti ròkè jù, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Linux yẹn pàápàá, ọjọ́ kìn-ín-ní ló yẹ kí n ti sọ fún yín pé kò lè wà níta. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Díákónì jókòó. Wọ́n wá aṣọ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ́ìlì ọwọ́ wọn, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ó dáa," wọ́n ní nígbẹ̀yìn. "Àwọn ọmọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa lọ ni, àbí mọ́ṣáláṣí?"

Hafeez mọ èsì tí arúgbó fẹ́ gbọ́. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó gbé e mì.

"A ò tíì rí i yanjú, sà. Ibẹ̀ lèmi àti òun ti máa ń jà."

"Ẹ máa ń jà?" Díákónì wo ọmọ wọn. "Òun yìí? Ó máa ń bá ọ jà?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Dádì," Ìrètíolúwa ní, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Olóríkunkun ni."

Díákónì wo fíláàṣì pupa lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò mú un, wọn ò sì tì í sẹ́yìn.

"N ò kọ lẹ́tà kankan mọ́," wọ́n ní. "Ó ti rẹ̀ mí. Sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí àwa àgbà jókòó. Ìwọ náà wá, kí ẹ̀yin méjèèjì ja ìjà yẹn lójú wa."