Wáyà Kẹrin

Làtíìfù kì í ṣe òṣìkà, ká tètè sọ bẹ́ẹ̀. Agídí ló ní, agídí náà ló sì gbé Malachi dé ọsibítù.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń wa ọkọ̀ tí ń fi omi gbẹ́ ilẹ̀ fún káńsù ní Peckham, nílùú London. Wọn kì í fi dígà ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹnì kan á di ọ̀pá omi mú, omi á máa fi agbára tú ilẹ̀, hóòsì ńlá ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì máa fa ẹrẹ̀ rẹ̀ mì. Abẹ́ títì wọn kún fún páìpù àti wáyà bí ikùn ewúrẹ́ ṣe kún fún ìfun, dígà á sì fọ́ ohun tí omi máa dá sí. Ṣùgbọ́n omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná gbogbo wáyà kí ọ̀pá tó kan ilẹ̀.

Yusrah ló ń bá wọn rí sí pípa iná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, Peckham ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ àti Làtíìfù sì jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ bẹ Làtíìfù pé, “Bá mi fi Yorùbá sí ọmọ yìí lẹ́nu.” Làtíìfù sọ ọ́ di òfin. Tí Yusrah bá fi Òyìnbó pè é lórí rédíò ọwọ́, kò ní í dáhùn.

“But Uncle, wọ́n ní ká sọ ọ́ in English, kí ẹ tún un sọ back to me.”

“Wọ́n ní, wọ́n ní. Ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Yorùbá ni kó o sọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, páìpù bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane, omi sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn. Wáyà mẹ́rin ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Yusrah dúró sídìí àpótí iná ní ìkángun títì. Làtíìfù wà nídìí ẹ́ńjìnì, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Malachi ló di ọ̀pá mú. Jamaica làwọn òbí tirẹ̀ ti wá, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àtàǹpàkò Làtíìfù ló máa ń wò kó tó ṣí omi.

“Uncle, àkọ́kọ́ ti kú,” ni Yusrah wí lórí rédíò. Ó pẹ́ díẹ̀, èkejì kú. Ẹ̀kẹta náà kú.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pariwo. Làtíìfù kò ní sùúrù mọ́. “Ẹ̀kẹrin ńkọ́?”

“Uncle, ó ku.”

Ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé ó kù, pé wọn ò tíì pa á. Ahọ́n London ló tẹ́ ọ̀rọ̀ náà pẹrẹsẹ, kò ròkè, kò sọ̀kalẹ̀. Làtíìfù gbọ́ ọ bíi “ó kú”. Ta ló ní kó má bi í lẹ́ẹ̀kejì? Ó na àtàǹpàkò sókè.

Wáyà náà ti gbó, ara rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Iná bú jáde nínú ihò, Malachi kígbe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó dé ìgbọ̀nwọ́.

Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ò mọ̀ bóyá ìka rẹ̀ á tún lè ká nǹkan mú. Ìyá rẹ̀ ń kí Làtíìfù kú àdúrótì ní gbogbo ìgbà tó bá lọ wò ó, ojú sì ń tì í dé egungun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bernice, ọ̀gá wọn, pè é sí ọ́fíìsì, ó gbé ìwé kan síwájú rẹ̀. Yusrah ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu òun ló ṣì í sọ.

“Fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí,” ni Bernice wí. “Òun ló máa lọ. Iṣẹ́ tìrẹ á wà.”

Làtíìfù ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ó mú bírò. Ó wù ú kó fọwọ́ sí i, ká má purọ́, ó wù ú gidigidi. Ó sì gbé bírò náà kalẹ̀.

“Ẹnu rẹ̀ kọ́. Èmi ni mo gba Òyìnbó lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀nà méjì, òun ni kò mọ̀. Mi ò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì.”

Kí ìrun ọ̀sán tó tó, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road ni Yusrah ti pè é lórí fóònù.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ? Iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Ó kú,” ni Làtíìfù wí.

“Ó kù? Alhamdulillah! Uncle, I swear, mi ò sùn! Mo ti ń ṣe àdúà since!” Ẹ̀rín ayọ̀ gba ẹnu rẹ̀.

Làtíìfù fẹ́ tún un wí, kó gbé ohùn sókè dáadáa. Ó rántí ọwọ́ Malachi. Kò wí i ní Yorùbá mọ́.

“Dead, Yusrah,” ló wí. “It is dead. Tún un sọ fún mi, kí n mọ̀ pé o gbọ́.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọ náà.

“Dead,” ni Yusrah wí, ó sì bú sẹ́kún.