Ọwọ́ Tí Glenys Jù

Ní gbogbo Launceston, kò sí awakọ̀ tó ní sùúrù tó Glenys Pascoe. Ọkọ̀ tó fi ń kó búrẹ́dì kiri ga, ó sì fẹ̀, àmọ́ kò fi í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni rí. Bí arúgbó bá fẹ́ sọdá, á dúró. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yà gba iwájú rẹ̀ kọjá, á dúró, á ju ọwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dúpẹ́ o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Àràárọ̀ ni Marek Wolan, wẹ́dà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ wá jẹ páì ẹran ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì Glenys.

“Àgbàyà yìí tún dé,” ni Glenys wí lọ́jọ́ náà. “Ṣòkòtò péńpé nínú òtútù yìí!”

“Itan mi lò ń wò, o ò wo páì tó ń jóná.”

Marek jẹun tán, ó ní ọkùnrin oníjíìpù kan bú òun lórí afárá, ó ní kóun lọ gun kẹ̀kẹ́ òun ní itẹ́ òkú.

Glenys pòṣé. “Aláìlójútì! Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ọ́?”

“Èwo ni tẹ̀rù? Ẹni tó bú mi ti rí mi. Ẹni tí ò rí mi ni mò ń sá fún.” Ó de akoto mọ́rí. “Jẹ́ n máa lọ jàre, kí Halina ìyàwó mi má lọ rò pé o ti gbà mí lọ́wọ́ òun.”

Kò pẹ́ tí Glenys náà fi gbéra. Ó bá Marek lórí òkè, ó yà fún un dáadáa, ó kọjá, ó sì juwọ́ sí i. Marek juwọ́ padà.

Nísàlẹ̀ òkè, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ọkọ̀ pupa kékeré dojú kọ Glenys, ó fẹ́ yà sọdá wọ ilé epo tó wà lápá òsì Glenys, kò sì sẹ́ni tó fún un láyè. Àánú ṣe Glenys. Ó fi àlàfo sílẹ̀ níwájú, ó ju ọwọ́ sí i: máa bọ̀, ọmọ mi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ dúpẹ́, ó tẹná.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì wà láàárín ọkọ̀ búrẹ́dì àti ilé epo. Glenys kò wo dígí òsì.

Gbàà! Ó yíjú, ó rí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ pupa. Ó rí ṣòkòtò péńpé.

Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fun fèrè. Iwájú ti ṣí. Glenys sì wakọ̀ lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló wakọ̀ náà lọ, pé òun kọ́.

Kó tó dalẹ́, Marek ti kú. Àwọn ọlọ́pàá mú ọmọbìnrin náà, Tahlia lorúkọ rẹ̀, ó sì ń sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n: “Ẹ gbà mí gbọ́, ìyá kan nínú ọkọ̀ ńlá ló ní kí n máa bọ̀!”

“Irọ́ ńlá!” ni oníbàárà kan wí níwájú Glenys. “Ìyá wo? Iwin ni? Kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.”

Glenys di páì fún un. Lóru, ojú ọmọ ọlọ́mọ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Bó bá dákẹ́, ọmọ yẹn á ṣẹ̀wọ̀n gẹ́gẹ́ bí apànìyàn àti òpùrọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. “Èyí á ran ọmọ náà lọ́wọ́ díẹ̀, mà. Ẹjọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí ẹni tó ń yà ló yẹ kó wò fúnra rẹ̀. Ní tiyín, òfin ò ní ẹjọ́ kankan láti bá yín ṣe. Ẹ máa lọ sílé.”

Ilé kẹ̀? Ilé Halina ló gbà lọ. Halina dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

“Èmi ni mo juwọ́ sí ọmọ yẹn,” ni Glenys wí. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára Marek ni. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò wo dígí, Halina. Mi ò wò ó!” Ó bú sẹ́kún.

“Ṣé o bú ọkọ mi lójú ọ̀nà rí?”

“Èmi? Láéláé!”

“Mo mọ̀. Bó bá dé, á máa ka àwọn tó bú u fún mi, a ó jọ fi wọ́n ṣẹ̀rín. Á ní wọ́n ti rí òun, ẹni tí ò rí òun lòun ń sá fún.” Ó di ilẹ̀kùn mú. “Kò kà ẹ́ mọ́ wọn rí, Glenys. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ẹ.”

Ó ti ilẹ̀kùn.