Ọmọ Inú Ìwé

Màlúù ló ta Selwyn Berntsen nípàá, tó fi dá a lẹ́sẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló ń bá a fún wàrà. Òun alára jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìgbà náà ni Glenys, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbé ìwé kan wá fún un. Ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí àwọn baba ńlá wọn ti wọkọ̀ ojú omi wá sí ìlú Norsewood tí wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ mọ́ nínú ìran Berntsen, èyí tí wọ́n túmọ̀ ni wọ́n ń kà.

Glenys ní, "Kà á. Kò sẹ́ni tí kò sunkún nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa."

Selwyn kà á. Baba kan ń ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin ń gbọ́ igbe rẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, kò ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni Selwyn ti pa ìwé dé. Nígbà tóun náà wà lọ́mọdé, baba wọn máa ń tì í mọ́ abẹ́ ahéré tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, òun àti ajá. Bó bá sì ti sọ ọ́, èsì kan náà ni Glenys ń fún un: "Àlá lo lá, Selwyn. Bàbá le, wọn ò burú tóyẹn."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí aládùúgbò gbé òun lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí ẹgbẹ́ Glenys ti ń pàdé. Ó ki ìwé náà sápò, ó fi ọ̀pá méjì tiro wọlé.

Joyce, alága ẹgbẹ́, ní, "Ẹ wá wo Selwyn tí kì í ka nǹkan kan ju bébà oúnjẹ màlúù lọ."

Glenys ni Selwyn ń wò. Ife tíì wà lọ́wọ́ Glenys, ó ń bú ẹ̀gbọ́n inú ìwé.

"Ọ̀dájú ni obìnrin yẹn. Ká ní èmi ni, mi ì bá fọ́ ilẹ̀kùn ọ̀hún."

Selwyn ní, "Kò gba fífọ́. Igi kan ṣoṣo ni Bàbá wa fi há a. Ẹni tó wà níta kàn máa yọ ọ́ ni."

"Jókòó, Selwyn. Ẹsẹ̀ rẹ."

"Mi ò jókòó. Ta lẹ sunkún fún, ẹ̀gbọ́n mi? Ọmọ tí wọ́n fi gègé dá. Èmi tá a jọ mu ọmú kan náà ńkọ́?"

"Má dójú tì mí níbí."

"Ojú ti ń tì mí tipẹ́."

Glenys gbé ife kalẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ká ní mo ṣí i, èmi ni wọn ì bá tì mọ́bẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Selwyn wí. "Mi ò bínú sí ọmọ yẹn rí. Àgbàlagbà tó ń sọ mí di òpùrọ́ ni mò ń bá jà."

Ó ju ìwé náà sáàárín àwọn bisikíìtì orí tábìlì, ó jáde.

Glenys ò yọjú fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ Selwyn san, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń fún wàrà tìbínútìbínú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Glenys wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù nínú òjò.

"Ajá funfun yẹn lo máa ń dì mọ́," ló wí. "Mo máa ń yọjú wò ọ́ láàárín pákó."

Selwyn ò sọ̀rọ̀ ajá yẹn fẹ́nì kankan rí.

"Ẹ ń rí mi."

"Mò ń rí ọ."

Selwyn ò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì lé e.

"Ẹ wọlé," ló wí, "òjò ń pa yín."