Omi Òyìnbó

Kòbókò ṣọ́jà ba Hafeezah lójúgun kí ọmọ náà tó ti ẹsẹ̀ kejì bọ omi. Ó fò sókè, ó ké, ó sì ṣubú sórí sìmẹ́ǹtì tuntun tí ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ru yanrìn rẹ̀.

"Ta ló ní kí o débí?" Ṣọ́jà náà tún gbé kòbókò sókè. "Mo ní ta ló pè ọ́?"

Jàmíátù, ìyá ọmọ náà, bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ okùn tí wọ́n ta yí ibẹ̀ ká, ó sáré wá kúnlẹ̀ síwájú bàtà ṣọ́jà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ọmọdé ni. Wọ́n ti sọ fún wọn níléèwé pé tiwọn ni adágún yìí. Tẹ́ ẹ bá máa nà án, ẹ nà mí dípò rẹ̀."

Ṣọ́jà náà sì nà án. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, lẹ́yìn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń gba nǹkan tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

Olútóyìn wà láàárín àwọn ọmọ iléèwé tó tò sẹ́bàá okùn, tí gbogbo wọn wọ ṣòkòtò péńpé, tí ẹnu wọn ò sinmi láti àárọ̀. Òun ni tíṣà wọn. Ó wo Olóyè Adédoyin, alága ìgbìmọ̀ tó tún adágún náà ṣe, tó jókòó ti Mejọ, ọ̀gá àwọn ṣọ́jà náà, lábẹ́ àtíbàbà. Olóyè rí i. Ó mi orí sí i díẹ̀ pé kó má sọ̀rọ̀, ó sì yí ojú padà sọ́dọ̀ Mejọ, tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí ìyàwó rẹ̀ sọ.

Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ogun kan gbé gbohùngbohùn, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ibẹ̀ ti di ibi ìgbafẹ́ àwọn ọ̀gá ológun àti ẹbí wọn. Kí ará ìlú máa lọ sílé wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ wáyà. Àwọn èèyàn dúró. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bí adìyẹ ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ti parí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Omi Òyìnbó ní Ọ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ gẹdú ló gbẹ́ adágún náà sẹ́bàá ọ̀nà Òdìgbó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè máa rí ibi lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá ti igbó dé. Bàbá Olútóyìn ló máa ń fọ̀ ọ́. Bí àwọn òyìnbó bá ti wọ igbó lọ lọ́sàn-án, bàbá á wọ̀tún wòsì, á ní kí ọmọ òun bọ́ sómi kíá. Ibẹ̀ ni Olútóyìn ti di òmùwẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé Ọ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun pàgọ́ síbẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì fi máa lọ, táyà, agolo àti ìgbẹ́ ni wọ́n fi dí i. Igbó bò ó. Ejò gbà á.

Olútóyìn ló kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n tún un ṣe. Kì í ṣe torí fàájì. Odò tó wà lẹ́yìn ìlú kì í jẹ́ kí òjò ọdún kan tán kó má gbé ọmọ kan lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti bọ́ sínú odò náà rí, tó lọ gbé òkú ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó lọ bá àwọn awakọ̀ ní gárééjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa ní ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kí odò tó pa wọ́n tán."

Àsìkò náà le. Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwọn èèyàn ń tò nínú oòrùn kí wọ́n tó rí mílíìkì àti ọṣẹ rà. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ kókó gbé ọkọ́ àti àdá wá láti Aráròmí-Obù. Àwọn ará Omífunfun gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí wá fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ́tò fi ọkọ̀ wọn kó yanrìn lọ́fẹ̀ẹ́. Barnabas káfíńtà fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Jàmíátù, tó ń ta ẹ̀wà àti dòdò fún àwọn èrò ọkọ̀, á palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, á wá ru ẹrẹ̀ títí ọrùn á fi máa ro ó.

"Ẹ̀rù omi ń bà mí, Míìsì," ló sọ fún Olútóyìn lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sinmi. "Bí mo bá rí odò, ara mi á máa gbọ̀n. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún Hafeezah."

Olóyè Adédoyin, tó ní ilé ìlagi tó tóbi jù nílùú, ni wọ́n fi ṣe alága, torí wọ́n ní ìjọba máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ìjọba gbọ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù yẹn, láti ilé ìlagi rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé pákó lọ sí bárákì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni orúkọ Olútóyìn jáde lára àwọn tíṣà tí ìjọba dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Monílọ́lá, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Olútóyìn wà ní ìdí ààrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Olóyè Adédoyin wọlé, tó fa àga sún mọ́ ọn.

"Tíṣà, inú yín ò dùn sí mi."

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, sà."

"Ìyàwó Mejọ ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo dárúkọ yín."

"Ẹ dárúkọ mi? Níbi tí wọ́n ti na Ìyá Hafeezah?"

"Ta ló tún mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ọ̀rẹ̀?" Olóyè rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú, ẹ lè rọra máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn ọmọ ìlú máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ta ló máa bá wa bẹ̀ ẹ́ láti ìta? Ẹ sì rántí ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Olóyè lọ tán, Olútóyìn jókòó síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná. Nígbà tó di Sátidé, ó ká aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ará ilé lọ kí wọ́n má baà rí i ní gárééjì.

Àwọn ọmọ Mejọ ò burú. Ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n. Èyí obìnrin máa ń rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí omi bá ti kan àyà rẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ má fi mí sílẹ̀ o." Ìyá wọn ló le. Ó kéré sí Olútóyìn lọ́jọ́ orí dáadáa, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Olútóyìn mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìlú, obìnrin náà kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ìwé tó ń wò.

"Ṣé àwọn tó ní làpálàpá lórí yẹn? Tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ tán, ta ló máa fọ̀ ọ́?"

"Èmi, mà."

"Bi mí tó bá di oṣù tó ń bọ̀."

Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó sì kọjá lọ.

Àwọn ọmọ kò yéé wá. Bí ṣọ́jà tó ń ṣọ́ géètì bá ń mu sìgá rẹ̀, wọ́n á gba inú koríko wá dúró lẹ́yìn wáyà, wọ́n á máa wò. Hafeezah ló máa ń wà níwájú. Olútóyìn kò lè pè wọ́n wọlé. Ohun tó lè ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣe gbogbo nǹkan. Á dúró níbi tí omi ò jìn, á kọjú sí wáyà, á gbé apá sókè, á nà án síwájú. "Báyìí lọ́wọ́ ń ṣe. Báyìí lorí. Ẹ mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa ta ẹsẹ̀." Ohùn rẹ̀ máa ń ròkè ju ti ẹni tó ń bá ọmọ méjì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wáyà, gbogbo apá á gbéra pẹ̀lú tirẹ̀. Hafeezah á dojú bolẹ̀ sórí koríko, á máa ta ẹsẹ̀ títí ìdọ̀tí á fi bo aṣọ rẹ̀.

Inú Olútóyìn dùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tó ni ín ti ń rí díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tó wá di pé ó lè gba gárééjì kọjá láìbo ojú, Hafeezah á sáré pè é níbi ìsọ̀ ìyá rẹ̀, á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn èrò ń jókòó sí jẹun, á máa fi apá gbá afẹ́fẹ́.

"Míìsì, ẹ wò mí!"

"Ó dáa," Olútóyìn á wí. "Ó dáa gan-an." Jàmíátù á gbé ṣíbí dòdò dúró, á máa rẹ́rìn-ín.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni Barnabas káfíńtà sáré dé géètì, kò wọ bàtà, kò wọ ẹ̀wù.

"Míìsì! Ọmọ bọ́ sódò! Wọn ò rí i mọ́!"

Ṣọ́jà na ìbọn dí i lọ́nà. "Padà sẹ́yìn!"

"Ẹni tó mọ omi ni mo wá pè! Míìsì o!"

Inú omi ni Olútóyìn wà, ọmọbìnrin Mejọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó lè jáde lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú ìyàwó Mejọ ló kọ́kọ́ wò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Àwọn ọmọ mi ṣì wà nínú omi. Kọ́kọ́ mú wọn jáde, kí o nù wọ́n gbẹ. Òtútù mú ìyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó mú wọn jáde. Ó nu ọkùnrin. Ó ń nu obìnrin lọ́wọ́, aṣọ ìnura ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Barnabas tó ń pè é lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bí ìdí ìbọn ṣe dún lára èèyàn, kò sì gbọ́ ohùn náà mọ́. Nígbà tó fi dé géètì, ilẹ̀ ni Barnabas jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, wọ́n sì jọ sáré.

Odò ti kún kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Omi náà pọ́n bí ilẹ̀ ibẹ̀. Olútóyìn wọ inú rẹ̀ lọ, ó jáde, ó tún wọ inú rẹ̀ lọ. Lábẹ́ gbòǹgbò igi kan ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan ẹsẹ̀ ọmọdé. Ìgbà tó gbé e dé etí odò, tó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ló tó mọ̀ pé Hafeezah ni. Barnabas kò dárúkọ. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tó dúró ń gbọ̀n níbẹ̀ ń ṣàlàyé, kò sì sẹ́ni tó bi í. "Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ó ní òun fẹ́ fi bí Míìsì ṣe ń ṣe é hàn wá. Ó ṣe ọwọ́ báyìí..." Ọmọ náà gbé apá sókè, ó nà án síwájú, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ.

Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, Olóyè Adédoyin wá.

"Mo gbọ́. Kí Ọlọ́run fún ìyá rẹ̀ ní sùúrù." Ó fa àga, ó jókòó. "Inú ń bí Màdáámù sí yín, Tíṣà. Ó ní ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lẹ́bàá omi, ẹ sáré jáde."

"Ìyá wọn jókòó tì wọ́n."

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ṣọ́jà tó fọ́ Barnabas lẹ́nu ńkọ́?"

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Àwọn ọ̀gá ológun náà ò dákẹ́. Wọ́n ní wíwò táwọn ọmọ ń wò ló fa ìjàm̀bá, wọ́n fẹ́ fi páànù bo gbogbo wáyà náà kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Èmi ni wọ́n ní kí n kó pákó tí wọ́n máa kàn án mọ́ wá."

Olútóyìn lọ bẹ̀ ẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tí ìyàwó Mejọ fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ tán. "Èyí tó máa ń wà níwájú yẹn ni?" ló bi í. Olútóyìn ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó mà ṣe o. Máa bọ̀ ní Sátidé."

Sátidé dé, ó gba gárééjì. Jàmíátù ti padà sídìí epo rẹ̀. Ó rù, ìborùn rẹ̀ bò ó dé iwájú orí. Nígbà tó rí Olútóyìn àti àpò tó gbé lọ́wọ́, ó sọ ṣíbí kalẹ̀.

"Míìsì, ibẹ̀ lẹ̀ ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá..." Kò lè pe orúkọ náà parí.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Orí bẹ́ǹṣì yìí ló ti máa ń ṣe é. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa omi, mi ò lè mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó ń ṣe é bó ṣe yẹ?"

Èrò ọkọ̀ kan ń pariwo pé kí wọ́n bu dòdò fún òun, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Olútóyìn ni Jàmíátù ń wò.

"Ó ń ṣe é bó ṣe yẹ," Olútóyìn wí. "Omi nìkan ló kù."

Jàmíátù mi orí, bí ẹni tí wọ́n dáhùn ohun tó ti ń wá. Ó mú ṣíbí, ó bu dòdò fún èrò náà. Olútóyìn dúró síbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ àsìkò àwọn ọmọ Mejọ ti tó. Ó gba ọ̀nà Òdìgbó. Wọ́n ti kan páànù yí Omi Òyìnbó ká, ó ga ju àgbàlagbà lọ, kò sì sí ọmọ kankan nínú koríko. Ṣọ́jà rí i láti òkèèrè, ó sì ṣí géètì fún un.