Ọkọ̀ Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa kì í wọ omi tó bá ti ju orúnkún rẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orí àga ló ń gùn. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo rí ọkọ̀ ojú omi tuntun tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń rùn, mo ní kó gbé abẹ kúrò lórí mi ná.

"Ta ló ni ọkọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àbí ẹja ló fẹ́ máa wá gẹrun lọ́dọ̀ ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. "Àwọn aláró ló fún mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ran aráàlú lọ́wọ́. Wọ́n fún télọ̀ náà. Wọ́n fún ẹni tó ń ya fọ́tò."

"Wọ́n fún apẹja kankan?"

"Ṣebí ẹ̀yin ti ní tiyín."

Mo dìde tòun ti orí tó gẹ̀ dé ìdajì, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹni tí kì í gbé etí adágún wa lè má mọ ìdí tí ara fi ń fu mí. Adágún náà tóbi débi pé èèyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀. Síbẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja rẹ̀ ti ń yé ẹyin, níbi tí koríko omi pọ̀ sí tí omi sì rọ̀, tí à ń pè ní Kọ̀rọ̀. A kì í da àwọ̀n níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ aláró fẹ́ ki páìpù wọn bọ̀, kí ìdọ̀tí aró máa bá a ṣàn lọ. Ìjọba ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i àfi bí ẹgbẹ́ apẹja bá gbà. Nínú ẹgbẹ́ wa ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ kan, ohùn kan ni. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ló ní ohùn. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò sọ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ẹja pa. Láyé ìgbà tiwọn, ta ni yóò ní ọkọ̀ tí kò ní pẹja?

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wo orí mi, ó kọ háà.

"Bàbá wọn, ta lẹ bá jà tí ẹ fi sá kúrò lábẹ́ abẹ?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún alága."

Alága tó ń wí yìí, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Láti ìgbà tó ti ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá wa láì bi mí léèrè, n kì í bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ́ńjìnnì tó ti dípẹtà!" ni ìyàwó mi wí.

"Ìpẹtà bàbá mi ni."

Alága yìí gan-an sì ni mo fura sí jù. Láti ilẹ̀ wá, orí omi la ti ń parí ọ̀rọ̀ omi. Kálukú á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Kọ̀rọ̀. Alága á béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbà, á dìde dúró nínú ọkọ̀, á gbé àjẹ̀ sókè. Ẹni tí kò bá gbà, á jókòó, á ti àjẹ̀ bọ omi. Lọ́dún yìí, alága kéde pé inú gbọ̀ngàn, lábẹ́ fáànù, ni ìpàdé yóò ti wáyé. Ó ní ìdí ń dun àwọn àgbà. Èmi ni wọ́n bí i lé, ìdí kò sì dùn mí. Mo tún ti rí jíìpù àwọn aláró níwájú ilé rẹ̀.

Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n sinmi, bí mo ṣe lọ nìyẹn. Mo bá a nínú pálọ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín lómi."

"Mi ò mu omi."

"Ṣé ẹ máa mí ṣá?"

"Kí ni jíìpù àwọn aláró wá ṣe níwájú ilé ẹ?"

"Wọ́n wá kí mi."

"Ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí tó wá ń kí ẹ, ó ní ohun tó ń wá."

"Ẹ ti ń fura sí mi látìgbà ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn."

"Mi ò fura. Mo mọ̀. Ọkọ̀ ti wà lẹ́yìn ilé àwọn tí kò mọ omi. Tí ìpàdé bá wáyé lábẹ́ fáànù, wọ́n máa jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n máa nawọ́, Kọ̀rọ̀ sì ti lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ọmọ bàbá mi ni ẹ́, dá ìpàdé padà sórí omi."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá rò ó."

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹni tó bá ní òun máa rò ó ti rò ó tán. Àfi bí ìròyìn ṣe kàn wá lọ́jọ́ kejì pé alága ti dá ìpàdé padà sórí omi. Inú ìyàwó mi dùn. Tèmi kò dùn. Ó yá jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Onígbàjámọ̀, télọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jókòó gbọin sínú ọkọ̀ wọn, géńdé kọ̀ọ̀kan tí àwọn aláró kó wá láti òdìkejì adágún sì ń wà wọ́n bọ̀. Ọ̀gá àwọn aláró fúnra rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ onífíríjì, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo ní, àbúrò mi ti tà wá.

Alága nawọ́ sókè kó tó béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń wa ọkọ̀ wá síbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹlòmíràn wà á, ẹ gbé àjẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

Ọ̀gá aláró dìde. "Alága! Ṣebí a ti jọ sọ ọ́!"

Gbogbo ojú yí sí àbúrò mi.

"A sọ ọ́," ló wí. "Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní mo gbà."

Àwọn géńdé gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbà á, ibi pẹlẹbẹ rẹ̀ ló dì mú. Alága béèrè bóyá kí páìpù wọ Kọ̀rọ̀. Télọ̀ gbìyànjú láti dìde, ọkọ̀ mì, ó sì padà jókòó gbì.

"Gbé àjẹ̀ sókè!" ni ọ̀gá aláró ń ké sí onígbàjámọ̀.

"Tí mo bá gbé e, kí ni màá wá dì mú?"

Ẹ̀rín gba orí omi. Àwọn apẹja mélòó kan dìde, wọ́n gbé àjẹ̀ tiwọn sókè. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwa tó ti àjẹ̀ bọ omi pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Alága ní ẹgbẹ́ kò gbà. Ọkọ̀ ọ̀gá aláró yí padà, ó bínú lọ.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń tú ká, àbúrò mi wa ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n ní àwọn máa fún ẹ?"

Ó gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀. "Páànù tuntun. Gbogbo orí ilé."

"Ìgbà wo lo kọ̀ ọ́?"

Ó tún ń gbọ́n omi lọ. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí mo dé pálọ̀ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àárọ̀ yẹn gan-an ni, nígbà tí gbogbo ojú yí sí i. Lábẹ́ koríko, àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ń ṣeré láàárín ọkọ̀ méjèèjì.

"Kọ̀rọ̀ ṣáà nìyẹn," ló wá wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ, oòrùn ti ń mú."

"Máa lọ níwájú."

"Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ ṣíwájú."

"Mo mọ̀. Máa lọ níwájú."

Ó ṣíwájú, mo tẹ̀lé e, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí a fi dé èbúté.