Àgbá Kan Tó Ń Kún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àgbá ọtí ṣe máa ń ṣe, kí ẹ má baà rò pé orí mi ló dàrú. Bí ènìyàn bá rọ ọtí tuntun sínú àgbá onígi, tó sì dì í pa, ọtí náà á máa fà. Igi á mu díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ẹni tó mu ún. Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í bá afẹ́fẹ́ du ìpín tirẹ̀. Àgbá tí kò bá fà, ó ní ohun tó ń ṣe é. Ọ̀kan nínú tiwa ń kún.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la dá ilé ọtí náà sílẹ̀, nínú ilé búrẹ́dì kan tí wọ́n ti pa tì. Ààrò ńlá ṣì wà lára ògiri, èéfín ti sọ àjà di dúdú, ìyẹ̀fun sì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ tí ìgbálẹ̀ kò lè dé. Èmi ni mo ni iná. Mo ń lọ àgbàdo, mo ń rẹ ẹ́ títí á fi kan, mo sì ń dúró ti ìkòkò bàbà títí ooru rẹ̀ á fi gba inú páìpù tó ká sínú omi tútù, tí á máa kán sínú korobá. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, májèlé ni, a máa ń dà á nù. Èyí tó bá jáde kẹ́yìn máa ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Àárín la ń fẹ́. Ibi tí àárín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, imú ló sì fi ń mọ̀ ọ́n.

Imú yẹn kì í ṣe imú lásán. Ó lè wọlé kó sọ fún mi pé mo ti mu omi ọsàn láàárọ̀, pé mo sì ti bá ẹnì kan jà. Ìjà yẹn, ó lè jẹ́ pé ojú mi ló ti rí i, torí kò sí ọjọ́ tí n kì í jà. Oníjà ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ òórùn tó gbọ́, ìtàn ló fi ń sọ ọ́. "Èyí ń rùn bí àpò ìwé mi lọ́jọ́ tí òjò pa mí." "Èyí ń rùn bí ewúrẹ́ wa funfun tó máa ń tiro, nígbà tó bá sùn nínú koríko." Bí a bá sì ti rọ ọtí sínú àgbá, á yọ kọ́ọ̀kì tó dí ihò rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á gbé ẹnu sún mọ́ ihò náà, á wá sọ fún àgbá bó ṣe fẹ́ kí ọtí náà rí nígbà tó bá dàgbà.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti jẹun."

"Pa ẹnu ẹ dé, Oníjà. Ṣó ò rí i pé ó ń gbọ́ ni?"

Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá mi, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ọ, bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ nípa ìlú tí kò dé rí. N kò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mí. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo ṣì máa ń jowú ẹ̀gbọ́n mi pé òun rí i, èmi kò rí i.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń pa iṣẹ́ rẹ̀ tì la ti ra àwọn àgbá wa. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Mo bi í pé ọdún wo ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọtí, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó dáhùn. Mo bi í pé irú igi wo ni wọ́n fi ṣe èyí tó dúdú jù nínú wọn, ó tún yíjú sí ìyàwó. Obìnrin náà ní, "Ẹ kàn máa gbé e lọ." Kò bá wa ná an rárá. Ẹni tí kò bá ọ nájà, ó yẹ kó o fura sí i, ṣùgbọ́n ọjà náà ti wọ̀ mí lójú, n kò fura. Kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò la gbé àgbá dúdú náà sí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é ní Àgbá Kọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Mo máa ń bá a níbẹ̀, ó ti tẹ̀ba lórí àgbá, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Mo fẹ́ kó o rùn bí ọrùn Màmá lẹ́yìn ìwẹ̀." Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò àgbàdo lórí, mo retí kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, inú àgbá nìkan ló ń lọ.

Nígbà tí mo fi ọ̀pá ìwọ̀n wo àwọn àgbá, gbogbo wọn ti fà díẹ̀, bó ṣe yẹ. Mo yọ kọ́ọ̀kì Àgbá Kọ̀rọ̀. Ọtí náà ti dé ẹnu ihò, ó ń dán, bí ojú tó là sílẹ̀ tó ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo rọ ọ́, mo sì fi àyè sílẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó rọ nǹkan kún un.

"Kí ni mo fẹ́ rọ sí i?" ó ní. "Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo bá a sọ."

Ní àsìkò yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wá kọ́kọ́rọ́. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ ó di ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé wa, mo ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró síta pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó ń gbébí wà nílé?" Kí n tó fèsì, ojú rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní eré lòun ń ṣe. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ìgbà tó yá, mo ní kí n tọ́ ọtí Àgbá Kọ̀rọ̀ wò. Mo fi ọ̀pá gíláàsì fa díẹ̀ sínú ife, mo fi kan ahọ́n. Mo ti tọ́ ọtí wò kọjá iye tí mo lè rántí, n kò tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Ẹnì kan gbé mi. Èmi àgbàlagbà, nínú ilé búrẹ́dì, lójú ọ̀sán, ẹnì kan gbé mi sí èjìká, mo sì mọ ẹni tó jẹ́. Bó ṣe rí, n kò lè sọ fún yín, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé apá aṣọ mi rin fún omijé, àti pé mo tún padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mo sì tún lọ. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti jáde, màá yọ kọ́ọ̀kì. Ohun tí mo ti jowú rẹ̀ láti kékeré ti wà lọ́wọ́ mi wàyí, n kò sì bi ara mi pé ọwọ́ ta ni mo ti gbà á.

Ọ̀gá kan tó ní ilé ìtura ló la ojú mi. Ọjà wa kò yá nígbà náà, àgbàdo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, a sì ti ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí òjò. Ó tọ́ èyí wò, ó tọ́ tọ̀hún wò, ó ń mi orí. Nígbà tó kan Àgbá Kọ̀rọ̀, ó gbé ife kan mì, ó pa ojú dé, ojú rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọdé.

"Odindi àgbá yìí ni mo máa gbé," ó ní. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ funfun yẹn ńkọ́, èyí tó ń tiro? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ padà san?"

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ má bínú, n ò mọ ibi tíyẹn ti wá. Èmi ò sin ewúrẹ́ rí láyé mi."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ìtàn ewúrẹ́ yẹn ló fi máa ń pa mí lẹ́kún ní kékeré, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ yín ló ń sọ."

"Ewúrẹ́ wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò ṣe eré. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá náà pé àgbá yẹn kì í ṣe títà. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó bá ìbínú lọ, òun àti ewúrẹ́ tó mu. Bí mo ti ti ilẹ̀kùn, mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo bi í léèrè ohun tí n kò fẹ́ bi í. "Báwo ni Màmá ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"

Ó ronú. Ó ronú títí, ó ń tẹ ìka mọ́ iwájú orí. "Màmá ta ni?"

Mo bu ọtí láti inú Àgbá Kọ̀rọ̀, mo gbé e fún un. Mo ní, "Ẹ mu ún." Ó mu ún, mo tún bu òmíràn. Mo rí i bí nǹkan ṣe ń padà sójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àpò ìwé, òjò, ọ̀nà ilé wa, ọjọ́ tí eyín mi kọ́kọ́ yọ. Ó ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé. Ewúrẹ́ kò padà. Ìyá wa náà kò padà. Èyí tí ẹlòmíràn ti mu kò sí nínú àgbá mọ́, èmi sì ni mo mu ìyá wa.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. "Oníjà, mo mọ̀ pé a ní ìyá. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bá a délé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n n ò rí ojú ẹ̀. Ó ṣófo níbí."

Mo jókòó tì í, mo sì sọ bí ìyá wa ṣe rí fún un, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ran nǹkan kan. Ó ń mi orí pẹ̀lú sùúrù, bí èmi náà ṣe máa ń mi orí láti kékeré. Ìtàn ẹlòmíràn ni fún un.

Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé mo lè sọ ìyá wa padà sínú àgbá, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dá a padà. Mo rò ó pé òun ti jẹ tirẹ̀, òun ti ní ìyá ní gbogbo ìgbà ọmọdé rẹ̀, ó kàn mí wàyí. Mo bínú sí i, mo bínú sí àgbá, mo gbá korobá nípàá tí omi fi dànù sílẹ̀ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi mú aṣọ ìnulẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń nu omi náà. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti gbé ojú sókè.

"Àbí mo ti ń purọ́ fún ẹ látọjọ́ yìí?" ó ní. "Gbogbo ìtàn tí mo ń sọ fún ẹ nípa ẹ̀. Bóyá ńṣe ni mo kàn ń dá a sọ, kó o má baà sunkún. Dárí jì mí, àbúrò mi."

Mo gba aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ bá Àgbá Kọ̀rọ̀, mo yọ kọ́ọ̀kì, mo tẹ̀ba, mo sì gbé ẹnu lé ihò náà. Mo mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ pẹ́, torí ọ̀fun mi gbẹ. Mo mọ̀ pé ọtí náà ń gòkè bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó kan ètè mi, ó tutù. Mo tu èyí tó kàn mí lẹ́nu dànù, mo bu ife kan, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó mu ún. Ó gbé ife sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì ń gba inú ẹkún náà jáde. "Òun rèé," ó ń wí. "Oníjà, òun rèé o!" Ó dì mọ́ mi. Mo wo inú ara mi, mo wá ibi tí ìyá wa wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àní èjìká tó gbé mi pàápàá kò sí mọ́.

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi. "Ó kéré tán, ìwọ náà ti wá rí i báyìí. Ó rẹwà ju bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹ lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ó rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ."